Ta ló ba PES jẹ́? Ìtàn gémù tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn

1/
Ẹ̀yin tèmi, ìtàn gígùn ni mo gbé wá lónìí. Tó o bá ti fọwọ́ kan páàdì PS2 rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn ẹ́.
Ní 30 September 2021, ilé iṣẹ́ Konami gbé gémù kan jáde, wọ́n pè é ní eFootball 2022. Òun ló wá rọ́pò PES. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn tó ti ń gbá PES láti kékeré ti ń bú u, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, inú sì tún ń bí wọn. Báwo la ṣe débẹ̀? Ẹ fara balẹ̀.

2/
Ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Japan ni Konami. Ọdún 1995 ni wọ́n gbé Winning Eleven àkọ́kọ́ jáde lórí PlayStation. Nígbà tó dé Yúróòpù, wọ́n pè é ní Goal Storm, lẹ́yìn náà ó di ISS Pro, nígbà tó fi máa di 2001 ó ti ń jẹ́ Pro Evolution Soccer. Ní Japan, Winning Eleven ló ṣì ń jẹ́.
Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n kan á fi ní "Winning Eleven" lòun ń gbá, àbúrò rẹ̀ á ní "PES" ni. Ẹ má jà mọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

3/
Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ sọnù nínú ìtàn yìí ni Shingo Takatsuka. Seabass làwọn ololùfẹ́ gémù náà ń pè é. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.
Ohun tó mú PES yàtọ̀ ni pé bọ́ọ̀lù kì í lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Bọ́ọ̀lù dá dúró lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ náà dá dúró. Tó o bá kánjú, á bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá yí ara gbòdì, ìbọn rẹ á fò lọ sókè òrùlé. O ò lè fi ariwo gbá a, àfi kó o mọ̀ ọ́n.

4/
Àmọ́ Konami ò ní ìwé àṣẹ. EA, àwọn tó ń ṣe FIFA, ni wọ́n ti ra ọ̀pọ̀ orúkọ líìgì àti kíláàbù. Nínú PES, Liverpool di "Merseyside Red". Roberto Carlos nígbà kan di "Roberto Larcos". Mo búra fún yín.
Ṣé èèyàn sá? Rárá o. Ṣe làwọn ọmọ àdúgbò jókòó, tí wọ́n ń tún orúkọ kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kun jẹ́sì, tí wọ́n wá ń fi mẹ́mọ́rì kádì pín in kiri bí ẹní pín sàárà.
Ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn tó ń gbá a ló bá wọn parí gémù náà.

5/
Ká tó kọjá, ẹ jẹ́ ká kí PES 5 (2005) àti Inter Milan. Adriano wà níwájú, ìbọn rẹ̀ bí àrá. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Ọbáfẹ́mi Martins, ọmọ Èkó, ọ̀kan lára àwọn tó yára jù nínú gémù yẹn. O kàn máa ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ó parí.
Lọ́dọ̀ọ wa, òfin wà lára ògiri gémù sẹ́ńtà: "A kì í mú Inter." Ẹni tó bá mú un, tí wọ́n sì tún nà án, kó máa lọ sílé, kó má bojú wẹ̀yìn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi pé kí n má gbára lé eré sísá. Mo dúpẹ́.

6/
Kò tán síbẹ̀. Master League ńkọ́? Wọ́n á gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò sí láyé lé ọ lọ́wọ́: Castolo, Minanda, Ximelez. Ẹsẹ̀ wọn wúwo, owó ò sí. Ìwọ lo máa lò wọ́n títí wàá fi lówó ra ẹlòmíì.
Èèyàn á ta Castolo, omi á sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí kò sí láyé o! Ìfẹ́ nìyẹn.

7/
Ìjákulẹ̀ àkọ́kọ́ dé ní 2007. PES 2008 ni wọ́n gbé lọ sórí PS3, ẹ̀rọ tuntun. Gbogbo èèyàn retí ohun ńlá. Gémù náà ń falẹ̀, ó ń gán, gbígbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì di wàhálà.
Ẹ wo ohun tó yani lẹ́nu: àwọn tó wà lórí PS2 ò mọ nǹkan kan. Gémù tiwọn ṣì ń lọ geere. Ẹ̀rọ tuntun ni Konami ò tíì mọ̀ ọ́n gùn. Láàárín ọdún mélòó kan, FIFA ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Yúróòpù.
Ṣùgbọ́n PS2 ò kú kíákíá. Títí dé PES 2014 ni Konami ṣì ń ṣe ti PS2 jáde.

8/
PES 2014 yẹn náà ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ńjìnnì sí Fox Engine, èyí tí ẹ̀ka Hideo Kojima kọ́. Ó tún gba àkókò kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. PS4 dé lọ́dún yẹn, kò sí PES fún un.
Nígbà tó fi máa di PES 2016 àti 2017, ó ti padà dùn. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù ń yìn ín. Ní 2018, ìwé àṣẹ Champions League bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ sọ́dọ̀ EA. Ní 2019, Konami náà gba Juventus lọ́wọ́ FIFA, tí Ronaldo fi wà ní kíláàbù tí FIFA ń pè ní "Piemonte Calcio". Ìjà àwọn orogún!

9/
Ní 2020, Konami sọ pé àwọn ò ní ṣe gémù tuntun lọ́dún yẹn. Ti ọdún tó kọjá ni wọ́n tún orúkọ inú rẹ̀ ṣe, wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n pè é ní PES 2021. Wọ́n ní àwọn ń kọ́ ilé tuntun pátápátá.
Inú wa dùn. Àwọn àgbà ṣáà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A ní ká dúró de ẹwà.

10/
July 2021, ìròyìn jáde. Orúkọ PES ti kú. eFootball ni yóò máa jẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Unreal Engine ni wọ́n fi kọ́ ọ. Gémù kan náà lo máa gbá lórí PS5, lórí kọ̀ǹpútà, àti lórí fóònù.
Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹ tún un kà. Ibẹ̀ ni igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún wa lójú.

11/
30 September dé. Kíláàbù mẹ́sàn-án péré lo lè mú: Barcelona, Bayern, Juventus, Man United, Arsenal, Corinthians, Flamengo, São Paulo, River Plate. Kò sí Master League. Kò sí ibi tí o ti lè tún orúkọ kọ.
Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù wá dà bí ère tí oòrùn ti yọ́. Fọ́tò ojú Messi àti Ronaldo kún íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òǹwòran dà bí ohun tí wọ́n fi páálí gé. Agbábọ́ọ̀lù ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Lórí Steam, ó wọ àárín àwọn gémù tí èèyàn bẹnu àtẹ́ lù jù lọ látìgbà tí Steam ti wà.

12/
Ọjọ́ kejì, Konami bẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa ojú, nípa ìrìn àwọn agbábọ́ọ̀lù, nípa bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Àtúnṣe àkọ́kọ́ dé ní November. Èyí tí wọ́n pè ní 1.0.0, ó di April 2022.
Ẹ dúró ná. Kí lèyí tí wọ́n gbé fún wa ní September ń jẹ́? 0.9.0. Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ ò tíì jinná, wọ́n bù ú síwájú àlejò.

13/
Kí ló fà á? Èmi rí nǹkan mẹ́ta.
Àkọ́kọ́: ẹ̀ńjìnnì tuntun. Àwọn ọdún tí wọ́n fi mọ ìwà Fox Engine, wọ́n dà á nù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Bó ṣe rí ní 2007 nìyẹn, bó ṣe rí ní 2013 nìyẹn.
Ìkejì: ìpìlẹ̀ kan fún fóònù àti PS5. Aṣọ tí o bá rán kó lè gba ọmọdé àti baba rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní bá ẹnì kankan mu.
Ìkẹta: owó. Gémù ọ̀fẹ́ ò ní owó ẹnu ọ̀nà, inú ilé ló ti ń gbowó, látorí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó o máa fowó ṣí. Master League ò pa owó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń bọ̀. 2022 kọjá, 2023 kọjá, a ò rí i.

14/
Ohun tó dùn mí jù nìyí o.
Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ PES 2008, tí o ò bá fẹ́ ẹ, o ní PES 6 nílé. Sídì rẹ wà lọ́wọ́ ẹ. Konami ò lè kan ilẹ̀kùn rẹ pé kó o dá a padà.
Ní June 2022, PES 2021 ti orí fóònù gba update, ó sì di eFootball. App kan náà ni wọ́n yí padà. Kì í ṣe pé wọ́n gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kó o yan. Tuntun jókòó lórí àga àtijọ́, àtijọ́ ò sí mọ́. Ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ní, tó ti fi dátà àti oorun rẹ̀ kọ́ tíìmù, kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ó fẹ́.

15/
Àtẹ̀lé tó burú kì í ṣe nǹkan tuntun. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló lè kùnà. Tẹ́lẹ̀, àtẹ̀lé tó burú kàn máa ń já ẹ kulẹ̀ ni. Ní báyìí, ó lè gbé èyí tó ṣáájú rẹ̀ mì.
Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

16/
Ká má ṣe ojúsàájú ṣá. eFootball ti dára ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò lè ra PS5 láéláé ń gbá a lórí fóònù, ó sì ń gbádùn. Ní 2024, FIFA gan-an, tí òun àti EA ti pínyà, wá bá Konami ṣe ìdíje àgbáyé lórí eFootball. Ẹni tí wọ́n fi ìwé àṣẹ dù tẹ́lẹ̀ ló wá di ọ̀rẹ́ FIFA. Ayé yí!
Mi ò bá ẹni tó ń gbá a jà. Àwọn tó dùn mọ́ náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn.

17/
Ṣùgbọ́n ẹ rántí nọ́ńbà 4 lókè. Nígbà tí Konami ò ní ìwé àṣẹ, ta ló tún orúkọ kọ? Àwọn tó ń gbá a ni. Títí dòní, àwọn èèyàn kan ṣì ń fi orúkọ àti jẹ́sì tuntun sínú PES 6 àti PES 2021 lórí kọ̀ǹpútà, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Konami. Ọwọ́ wọn ni PES wà báyìí.
Nígbà tí eFootball dé, ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tì: kò sí àyè láti fọwọ́ kàn án. Ojú tó dà bí ère, a lè fi rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yẹn ló dùn wá.

18/
Nítorí náà, tí PS2 ẹ̀gbọ́n yín bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ wá mẹ́mọ́rì kádì yẹn rí. Orúkọ tẹ́nì kan jókòó kọ lọ́kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ẹ̀, kò sì sí ibòmíì tẹ́ ẹ ti lè rí i.
Ó tán. Ẹ sọ fún mi lábẹ́ níbí: ní gémù sẹ́ńtà tiyín, kíláàbù wo ni wọ́n fòfin dè? Kí ló sì dé tí Inter fi jẹ́ ìdáhùn gbogbo yín? 😂