Àwọn Tọ́ọ̀gì Màríìnì Èkó àti Ogun Méjì

Òkun jìnnà sí Ìkẹjà GRA. Bàálù tó ń gbéra àti rélùwéè tó ń lọ sí Agége ni etí ń gbọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi Ìkẹjà ṣe ibùdó fún láàárín 1950 sí 1960, èbúté Àpápá ló gbà wọlé. Kí ọkọ̀ òkun ńlá tó lè fara ti èbúté láìkọlu ohunkóhun, tọ́ọ̀gì ló ń fà á, òun náà ló sì ń tì í. Ọkọ̀ kúkurú ni tọ́ọ̀gì, ẹ̀ńjìnnì ló sì gba ọ̀pọ̀ inú rẹ̀. Ìtàn wọn kì í sábà wọ ìwé. Èmi gbà pé ó yẹ kó wọ̀ ọ́, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni irú ọkọ̀ ìjọba bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní Nàìjíríà lọ sógun.

Kí ọdún 1914 tó dé, àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá kò lè wọ inú ọ̀sà Èkó. Ìgbì ti kó iyanrìn jọ sẹ́nu ọ̀nà, omi ibẹ̀ kò jìn tó, ọ̀nà tó ṣeé gbà sì ń yí ipò padà. Èbúté Forcados ni wọ́n ń já ọ̀pọ̀ ẹrù Èkó sí, tí ọkọ̀ kékeré á wá gbé e kọjá lórí iyanrìn. Ní 1892, John Coode, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi òkúta mọ odi sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀sà. Ní 1907 ni ọkọ̀ awayanrìn tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Egerton pè dé. Iṣẹ́ odi náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà, rélùwéè sì ń gbé e gba Agége àti Ìkẹjà kọjá lọ sí Èkó. Odi yẹn la ọ̀nà fún ọkọ̀, ó sì tún dí ọ̀nà tí iyanrìn ń gbà rìn. Ohun tó fà á nìyẹn tí òkun fi ń jẹ etíkun Bar Beach fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Nígbà tí wọ́n pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi àwọn méjèèjì náà di ọ̀kan: Nigerian Marine, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Màríìnì. Kì í ṣe iṣẹ́ ogun ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Lẹ́tà, ẹrù, òṣìṣẹ́ ìjọba, àmì ojú omi àti títún ọkọ̀ ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ogun fi dé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Ọ̀gágun Charles Dobell ń kó àwọn ọmọ ogun lọ gba Duala lọ́wọ́ àwọn Jámánì ní Kamẹrúùnù. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, HMS Cumberland, tóbi jù fún àwọn odò tó wọ inú igbó máńgúrófù, kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn Jámánì sì ti ri ọkọ̀ sí ojú ọ̀nà omi kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá. Àwọn ọkọ̀ Màríìnì ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí ọkọ̀ ogun ńlá kò lè ṣe: Ivy, Remus, Porpoise, Walrus àti àwọn mìíràn. Wọ́n gbé ìbọn sórí wọn, wọ́n sì wọ inú odò lọ. Ewu ibẹ̀ kò kéré. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ọkọ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Nachtigal sáré wá kọlu HMS Dwarf lóru, ó sì gbiná, ó rì. Ní ọjọ́ 27, Duala túúbá.

Sítíìmù ló ń gbé tọ́ọ̀gì ìgbà yẹn rìn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná, nínú ooru tí kò jẹ́ kí aṣọ dúró lára. Bó bá sinmi, agbára ọkọ̀ á rọlẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Màríìnì, àwọn náà ló sì ń di okùn mú. Àwọn òyìnbó ọ̀gákọ̀ gba oyè, a sì mọ orúkọ wọn. Kò sí ẹni tó jìyà ju ẹni tó wà nídìí iná lọ bí ìbọn bá ba ọkọ̀, nítorí náà ìtàn tó fo orúkọ rẹ̀ kò pé lójú mi.

Ogun Àgbáyé Kejì ló mú iṣẹ́ tó jọ mí lójú jù wá. Láti ìgbà tí Ítálì ti wọ ogun ní 1940 ni ọkọ̀ ńlá rẹ̀, Duchessa d'Aosta, ti wà ní èbúté Santa Isabel ní erékùṣù Fernando Po, tí à ń pè ní Malabo àti Bioko lónìí. Sípéènì ló ni erékùṣù náà, Sípéènì kò sì sí nínú ogun. Ọkọ̀ Jámánì méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Likomba, tọ́ọ̀gì ni òun náà, àti Bibundi. Ẹ̀rù ń ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ọkọ̀ yìí lè máa ran ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì lọ́wọ́, wọ́n sì gbèrò láti lọ fà wọ́n kúrò níbẹ̀. Ọ̀gágun George Giffard, olórí ọmọ ogun wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Gómìnà Bernard Bourdillon ní tirẹ̀ fọwọ́ sí i, ìjọba Nàìjíríà sì yọ̀ǹda tọ́ọ̀gì méjì, Vulcan àti Nuneaton tó kéré sí i.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní 1942, àwọn méjèèjì kúrò ní Èkó. Gus March-Phillipps ni olórí àwọn jagunjagun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú wọn. Graham Hayes ń darí Nuneaton. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà yọ̀ǹda ara wọn láti kún wọn lọ́wọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ nílùú ti ṣètò àsè tó fa àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà sí ilẹ̀. Nígbà tí iná ìlú kú, àwọn tọ́ọ̀gì wọlé. Àwọn jagunjagun fò sórí ọkọ̀, wọ́n fi ohun abúgbàmù já ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró, Vulcan sì gbá Duchessa d'Aosta mú, ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ lọ́nà púpọ̀. Nuneaton fa àwọn ọkọ̀ Jámánì méjì náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọlù wọ́n kò kú.

Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ ọ̀gá Vulcan: ọkọ̀ ńlá tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, èbúté tóóró, òkùnkùn biribiri, kò sì gbọ́dọ̀ kọlu ẹ̀gbẹ́. Àwọn ajagun ló gba gbogbo ìyìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n láìsí ọwọ́ tó mọ tọ́ọ̀gì wà, ìbúgbàmù lásán ni ì bá jẹ́. HMS Violet pàdé wọn lójú òkun, ó ṣe bí ẹni pé òun ló mú wọn, kí Lọ́ńdọ̀nù lè sọ fún Sípéènì pé òun kò wọ èbúté rẹ̀. Gbogbo wọn dé Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Duchessa d'Aosta, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Empire Yukon.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n tú Màríìnì ká. Nigerian Ports Authority bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 1955, òun ló sì gba iṣẹ́ tọ́ọ̀gì èbúté. Ẹ̀ka odò inú ilẹ̀ di ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tó kù ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 1956, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Nigerian Navy, tí ibùdó rẹ̀ NNS Quorra ṣì wà ní Àpápá.