Ẹwìrì, Agbámú, Alárinà: Orúkọ Ohun Inú Gíà

Ẹni tó bá pe gíà ọ́tò ní "ẹ̀rọ aṣèyípadà-ìwọ̀n-eré-ọkọ̀-láìfọwọ́kàn" kò tíì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Àlàyé ló ṣe, tó wá fi ìlà kéékèèké dè é pọ̀. Mẹkáníìkì tó na ẹ̀yìn sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, tí ọ́ìlì ń kán sí i lójú, kò ní pe orúkọ yẹn dé ìdajì tí sípánà yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé ẹni tó ṣe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa yangàn pé òun ti gba Yorùbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Wọ́n kàn da Yorùbá bò ó lórí ni.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi dán èdè wa wò rèé. Ẹ́ńjìnì kan wà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn lé lórí, kí ó máa ki afẹ́fẹ́ sí i nínú tipátipá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ nínú sílíńdà, epo tó lè jó níbẹ̀ á pọ̀ sí i, ohun tí ẹ́ńjìnì ń tì sẹ́yìn á sì le ju èyí tí wọ́n ṣe gíà fún lọ. Gíà tí kò bá lè gbé e á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bó ti ń yọ̀ ló ń gbóná. Ọ́ìlì á dúdú, á máa rùn bí ohun tó jóná, àwọn pẹlẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á sì jẹ tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó débẹ̀ á tú gíà náà palẹ̀, á fi pẹlẹ́ẹ̀tì kún pẹlẹ́ẹ̀tì, á gbé ìfúnpá ọ́ìlì sókè kí ó lè tẹ̀ wọ́n mọ́ra dáadáa, á pààrọ̀ ọ̀pá àkọ́wọlé, èyí tí yíyí ẹ́ńjìnì ń gbà wọ inú gíà, sí èyí tí irin rẹ̀ le jù, á sì wá rédíétọ̀ ọ́ìlì tó tóbi.

Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Mercedes C-Class tí wọ́n ṣe láàárín 2000 sí 2007 pọ̀ lójú títì, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n kọ Kompressor, orúkọ tí Jámánì ń pe ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ náà, sí ìdí wọn gàdàgbà. Ilé-iṣẹ́ náà ní gíà ọ́tò oníìpele márùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní 722.6, tó jáde ní 1996. W5A330 àti W5A580 wà lára oríṣi rẹ̀. Nọ́ńbà ìparí yẹn ni iye Newton-mita tí oríṣi kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Nígbà tí wọ́n wá ṣe E55 AMG tó ní Kompressor, 700 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń gbé jáde. Gíà oníìpele márùn-ún yẹn náà ni wọ́n fi sí i, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ fi agbára kún inú rẹ̀ ná.

Báwo la ṣe máa sọ gbogbo èyí láàárín ara wa? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Marché Mboppi ní Douala, ní Kamẹrúùnù, níbi tí wọ́n ti ń ra ọjà ní páálí ní páálí. Èbúté Douala ló ń bọ́ Chad àti Central African Republic tí kò ní òkun, nítorí náà kì í ṣe ará ìlú nìkan ló ń nájà níbẹ̀. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba, Duala ni ti onílé, píjìn ni wọ́n sì fi ń bá alábàárù dúnàádúrà. Ká ní ọmọ Àjàṣẹ́ kan, láti orílẹ̀-èdè Benin, àti ọmọ Ìbàdàn kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú síra níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń kí ara wọn láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí Kompressor ọmọ Ìbàdàn bá kọ̀ tí kò gbéra, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, gíà mọ́tò mi ti kú o." Ọmọ Àjàṣẹ́ tó fi Faransé kàwé gbọ́ "mọ́tò", ọkàn rẹ̀ lọ sí ọ̀kadà, torí moto ni Faransé ń pe alùpùpù. Bí òun náà bá fèsì pé kí àbúrò yẹ moteur wò, ẹ́ńjìnì ló ní lọ́kàn. Gíà ńkọ́? Boîte ló mọ̀ ọ́n sí. Ohun tí àbúrò rẹ̀ ń pè ní gíà kìíní, gíà kejì, vitesse ni lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òfin tí mò ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀rọ̀ àyálò bá bá etí Yorùbá ilẹ̀ Faransé àti etí Yorùbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu, kó wọlé. Bó bá pín wa níyà, ẹ jẹ́ ká wá tiwa.

Písítìnnì wọlé. Sílíńdà, rédíétọ̀, fílítà, tọ́bò, gbogbo wọn wọlé láìsan owó ibodè. Bẹ́líìtì kò lè wọlé, courroie ni Faransé ń pè é, ṣùgbọ́n ìgbànú ti wà nílẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìfúnpá náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn tí wọ́n ń so mọ́ apá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ náà kúkú ń so nǹkan mọ́ni lápá. Ọ́ìlì ni mo ń kọ láti òkè, mi ò sì ní yí i padà: bí mo bá kọ epo, ẹnì kan lè lọ bu pẹtiróòlù sí gíà. Gíà fúnra rẹ̀ rú òfin mi, ṣùgbọ́n ó ti wọ ẹnu jù láti lé jáde. Ẹni tí ọ́tò bá ń ṣe bákan lẹ́nu lè pè é ní gíà adápààrọ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìdìpọ̀ kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti tán ìṣòro púpọ̀ fún olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ti ẹ́ńjìnì kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé. Nítorí náà, ọwọ́ wa ló kù sí.

Tọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi Newton-mita wọ̀n, ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Couple ni Faransé ń pè é, kò lè wọlé. Agbára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ti pọ̀ jù lórí agbára. Agbára iná mànàmáná ni, agbára ìjọba ni, agbára ẹṣin ni ti ẹ́ńjìnì. Ìwé mọ́tò a sì máa sọ iye agbára ẹṣin lọ́tọ̀, a sọ iye tọ́ọ̀kì lọ́tọ̀. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní agbára ti ba ìwé náà jẹ́. Ipá ló yẹ kí a mú.

Ipá kí ni? Àwọn kan ní ipá ìyí. Èmi ní ipá ìlọ́, mo sì ní ẹ̀rí. Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà, ohun tí mẹkáníìkì máa ń wí ni pé, "Mo lọ́ ọ, lọ́ ọ, kò yí." Ẹ yẹ gbólóhùn kékeré yẹn wò. Lọ́ ni ohun tí ọwọ́ ṣe. Yí ni ohun tí nọ́ọ̀tì kọ̀ tí kò ṣe. Èdè wa ti fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ya ipá sọ́tọ̀ kúrò lára àbájáde rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀kì kò nílò kí nǹkan kan yí: bí o bá ki sípánà gígùn mítà kan bọ nọ́ọ̀tì, tí o fi ipá 100 Newton tẹ ìdí rẹ̀, 100 Newton-mita lo ti fi sí i lára, ì báà má kúrò lójú kan títí di ọ̀la. Yí tún fẹjú jù. Ayé ń yí, ojú ọjọ́ ń yí, èèyàn ń yí ọkàn padà, kò sì sí ẹni tó lo ipá.

Lọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ń lọ́ ọrùn adìẹ. Inú ń lọ́ni, oníkálukú ló mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tó bá halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn títí tó fi gba owó rẹ̀, ìlọ́nilọ́wọ́gbà ló ṣe: lọ́ àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni lílọ́ gan-an, èkejì, ní ọwọ́ ló di lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe so wọ́n pọ̀. Ẹnì kan lè ní lọ́ wà nínú lọ́ra pẹ̀lú, àti pé ọ̀rọ̀ tó jọ ìjáfara kò yẹ fún ẹ́ńjìnì. Kí onítọ̀hún lọ wo tírélà tó kún fún sìmẹ́ǹtì bó ṣe ń fi gíà kìíní gun òkè. Ìgbà tó ń lọ́ra jù lọ ni ipá ìlọ́ tó ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le jù lọ. Nítorí náà W5A580 gba ẹgbẹ̀ta dín ogún Newton-mita ipá ìlọ́. Ó dùn létí mi.

Ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ ńkọ́? Kọ̀mprẹ́sọ̀ bá òfin mi mu ní tòótọ́: Jámánì ń sọ Kompressor, Faransé ń sọ compresseur, Gẹ̀ẹ́sì náà kò jìnnà. Síbẹ̀ mo dá a padà lẹ́nu ibodè. Kọ̀mprẹ́sọ̀ ni fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Kọ̀mprẹ́sọ̀ ló ń kú nínú fíríìjì. Kọ̀mprẹ́sọ̀ éésì wà lára ẹ́ńjìnì kan náà, ìgbànú ló sì ń yí òun náà. Ẹ ní kí ọmọṣẹ́ kan tú kọ̀mprẹ́sọ̀, kí ẹ wá wo èwo ló máa tú.

Ẹwìrì ni mo fẹ́. Ní ilé àgbẹ̀dẹ, igi méjì ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ń dì mú, tó fi ń tẹ awọ ẹwìrì méjèèjì níkọ̀ọ̀kan; bí ọ̀tún ti ń lọ sílẹ̀ ni òsì ń gòkè, kí afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ihò wọ inú èédú má bàa dáwọ́ dúró. Èédú tó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, irin á rọ̀. Èédú kò pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ nìkan ló pọ̀ sí i. Ẹ wá gbọ́ ìtàn ẹ̀rọ tí òyìnbó fi ń ki afẹ́fẹ́. Philander àti Francis Roots, ọmọ ìyá méjì ní Connersville, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn ní 1860, nígbà tí kò tíì sí mọ́tò elépo kankan láyé. Iná ìyọ́rin ni wọ́n ń fi fẹ́. Ní 1885, Gottlieb Daimler gba ìwé àṣẹ ní Jámánì lórí fífi pọ́ǹpù ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, ní 1921 Mercedes pàtẹ mọ́tò tó ní Kompressor ní Berlin, irú ẹ̀rọ Roots yẹn sì wà lórí ẹ́ńjìnì títí dòní. Ẹ̀rọ iná àwọn ayọ́rin ló gun orí ẹ́ńjìnì. Bí mo bá pè é ní ẹwìrì, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni mo pè é.

Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ kò mọ ẹwìrì. Ọkọ̀ náà, orí omi ló wà tẹ́lẹ̀, kí ó tó gun ojú títì, ojú irin àti òfurufú; ta ló ń bi í léèrè àjẹ̀ mọ́? Ẹwìrì tún ń bímọ. Ẹ́ńjìnì tó ní i di ẹ́ńjìnì ẹlẹ́wìrì. Èyí tí ìgbànú ń yí ni ẹwìrì onígbànú. Tọ́bò, tí èéfín ń yí, ni ẹwìrì eléèéfín. Gíà sì mọ ìyàtọ̀ wọn: eléèéfín a máa dúró de èéfín kó tó gbéra, onígbànú ti ń ti ipá ìlọ́ wọlé láti ìgbà tí eré ẹ́ńjìnì ṣì kéré.

Kulọ́ọ̀ṣì kò wọlé, embrayage ni lọ́dọ̀ èkejì. Adìmú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ará Èkó ti fi orúkọ yẹn fún Ẹ̀yọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ bàtà kó tó tú gíà. Agbámú ló kù, ó sì tó. Ṣe ni wọ́n ń fi pẹlẹ́ẹ̀tì kún agbámú.

Láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà ọ́tò, abẹ́bẹ̀ irin méjì ló kọjú síra nínú agolo tó kún fún ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnì ń yí ọ̀kan, ọ́ìlì tó ń fọ́n jáde lára rẹ̀ ń yí èkejì. Convertisseur de couple, ni Faransé wí. Couple kan náà yẹn sì ni tọkọtaya lẹ́nu wọn. Kí ló wà láàárín tọkọtaya tí kò tíì mọ ara wọn, tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan fún èkejì? Alárinà ni. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọra tán, alárinà a yẹ̀bá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti inú gíà: bí eré abẹ́bẹ̀ méjèèjì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, agbámú kékeré kan á so wọ́n pọ̀, ọ́ìlì ò ríṣẹ́ ṣe láàárín wọn mọ́. Lock-up ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Tiwa ni ìyẹ̀bá alárinà. Mo ti sọ ọ́ fún mẹkáníìkì kan, ó rẹ́rìn-ín, kò bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà lódindi, ìró-gíà-lágbára ni mo fẹ́ kó máa jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olóṣèlú tó ń pín ẹ̀rọ ìlọta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìrónilágbára jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀kan ṣì kù, ìyẹn pátákó irin tó kún fún ihò tóóró, tí ọ́ìlì ń gbà lọ sọ́dọ̀ agbámú yìí tàbí agbámú yẹn. Ọpọlọ gíà ni àwọn kan ń pè é, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ́tò ti gba ọpọlọ. Oríta ọ́ìlì ni mo ń wò báyìí, nítorí ibẹ̀ lọ̀nà ti ń pín. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó mú un wá, kó má ṣáà ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.