Ọjọ́ Orí Ẹmu ní Etí Ọ̀sà

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ohun mímu a máa dàgbà, a sì máa darúgbó, òótọ́ ni ó sọ. Òǹkà tí a fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ ni ó yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ní ẹkùn Yunnan ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n a máa fún ewé tíì pọ̀ di pẹrẹsẹ, wọ́n a sì gbé e pamọ́ fún ọdún 10 tàbí 20, kí wọ́n tó jókòó láti fi adùn titun wé ti àtijọ́. Wákàtí ni Yorùbá fi ń ka ọjọ́ orí ẹmu. Èyí tí adẹ́mu gbé sọ̀kalẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọmọdé ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di géńdé. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, ó ti hu ewú.

Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí ìlú Festac wà. Ilẹ̀ irà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀sà tí ó lọ sí Àgbádárìgì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni igi ògùrọ̀ fẹ́ràn. Ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá ń pe méjèèjì ní ẹmu. A lè dá ọ̀pẹ lónìí kí a tún dá a lọ́dún mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Bí adẹ́mu bá ti dá a tán, igi náà kú nìyẹn.

Ẹni tí ó mọ ẹmu kì í fi ahọ́n ṣáájú. Yóò kọ́kọ́ dẹtí sí akèrègbè. Bí ó bá ń hó, ìwúkàrà ṣì ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá dákẹ́, oúnjẹ ti tán nílẹ̀. Omi tí ń kán láti ara igi kò ní ọtí nínú rárá. Ṣúgà ni ó kún inú rẹ̀, nǹkan bí 10 sí 12 nínú 100. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ti fi inú akèrègbè àná ṣe ilé, ni wọ́n ń sọ ṣúgà yìí di ọtí. (Adẹ́mu tí kò fọ akèrègbè rẹ̀ fínnífínní kì í ṣe ọ̀lẹ.) Kí wákàtí 24 tó pé, ọtí inú rẹ̀ lè tó nǹkan bí 5 nínú 100. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ mìíràn yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, tí wọn yóò máa sọ ọtí di kíkan. Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ àkíyèsí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1962. Ahọ́n àwọn àgbà ti ṣe ìpín tirẹ̀ tipẹ́. Èyí tí ó ṣì dùn ni wọ́n ń gbé fún abiyamọ, nítorí ìgbàgbọ́ pé ó ń mú omi ọyàn wá. Èyí tí ó ti ta díẹ̀ ni ti àlejò àti ti ọlọ́jà ayò.

Ẹmu tí ó dàgbà jù kò ṣòfò. Wọ́n á sè é, ooru rẹ̀ á gba inú ọpá tí ó la omi tútù kọjá, ohun tí yóò sì kán jáde ni ògógóró. Níbí gan-an ni ìmọ̀ ọjọ́ orí ti ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó kan kọjá ààlà, igi ìdáná lásán ni ó sun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, owó bodè lórí jíìnì òkè òkun wà lára àwọn òpó ńlá tí ó gbé ìṣúra ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ró. Ní 1919, àwọn alágbára ayé fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Saint-Germain láti dá ọtí olówó pọ́ọ́kú dúró ní Áfíríkà. Nígbà tí ọ̀dá owó dé ní nǹkan bí 1930, tí jíìnì òyìnbó sì kọjá agbára mẹ̀kúnnù, ìsè ògógóró gbilẹ̀. Ìjọba ní kò bófin mu. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ìdí ìkòkò a san owó ìtanràn tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní nítorí ìlera ará ìlú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n jíìnì tí ó san owó bodè kò di èèwọ̀.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kínní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 1977, àwọn ọmọ adúláwọ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ fún àjọ̀dún FESTAC, ilé tí ó lé ní 5,000 ni a sì kọ́ sórí ilẹ̀ irà yìí, tí wọ́n fi wọ àwọn àlejò sí. Nígbà tí àlejò lọ, onílé dé. Ojú pópó gba ibi tí koríko irà wà. Ibi tí wọ́n ti ń ta ẹmu kò ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ẹmu sì ń dàgbà nínú ọkọ̀ bí ó ti ń dàgbà nínú akèrègbè. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣiṣẹ́ lórí fífi ẹmu sínú ìgò, tí a ó fi iná pa ìwúkàrà inú rẹ̀. Ẹmu bẹ́ẹ̀ kì í kan, ṣùgbọ́n kò lè dàgbà mọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ti akèrègbè, kí ó kíyè sí ọwọ́ olùtà lálẹ́: yóò bu omi, yóò da ṣúgà sí i, yóò sì pe arúgbó àná ní ọmọ òwúrọ̀.