Kọ̀ǹpútà Ò Rí Fóònù: Ọ̀rọ̀ Wo La Ó Fi Sọ Ọ́?

Ayétòrò tó wà létí òkun Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti ń bá òkun tó ń jẹ ilẹ̀ jà fún ọdún púpọ̀. Ilé ń wó, òpópónà ń di omi, àwọn ará ibẹ̀ sì ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba lẹ́yìn á wọkọ̀ ojú omi lọ sí Igbókòdá, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, kó lè rí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, tí dátà sì wọ́n, wáyà ló kù tí wọ́n á fi kó fọ́tò náà.

Wọ́n á ki orí kan bọ fóònù, wọ́n á ki èkejì bọ kọ̀ǹpútà. Fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná, kò sì ní sí nǹkan mìíràn mọ́. “Kò mú un,” ni oníbàárà á wí. Ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà á ka Gẹ̀ẹ́sì ojú ẹ̀rọ, á dáhùn pé, “Ẹ̀rọ ò dá a mọ̀, bàbá.” Irọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó sọ ohun tó kàn láti ṣe. Èrò mi ni pé ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tó bá yẹ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ tọ́ka síbi tí àìsàn wà, kí ọwọ́ lè mọ ibi tó ń lọ.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ní 1970 ni iṣẹ́ àkànṣe ọdún mẹ́fà tí Babs Fafunwa ṣagbátẹrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá; Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti ìkejì ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì dojú kọ, àmọ́ ọgbọ́n tí wọ́n lò ò tíì gbó. Wọ́n so ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n ṣàpèjúwe, wọ́n fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, wọ́n sì yá èyí tó yẹ ní yíyá. Lágbo kọ̀ǹpútà, orúkọ la tẹra mọ́ jù. A ní “ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá”, oríkì tó dùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá di okùn mọ́ fóònù lásán, eré àṣá kò ní ohun tí yóò sọ fún wa. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló wọ́n wa.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń pín nǹkan sí wẹ́wẹ́. Tí a bá to ìṣòro yìí bó ṣe ń tẹ̀ lé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ló gbé e: gba iná, rí, gbà láyè, kó. Ẹni tó bá lè sọ èyí tó kọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wo àìsàn náà dé ìdajì.

Tí fóònù kò bá gba iná rárá, wáyà ti já nínú, tàbí ojú wáyà, ìyẹn ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ lára fóònù, ti bàjẹ́. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ etí òkun. Iyọ̀ àti ọ̀rinrin sì máa ń jẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú wáyà. “Ó ti dípẹtà” yàtọ̀ sí “ó ti dí”. Ìdọ̀tí àpò ló ń dí i, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ sì lè yọ ọ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa fóònù. Ìpẹtà kò gbọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì lásán.

Tó bá ń gba iná àmọ́ tí kọ̀ǹpútà ò rí i, wáyà fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ fura sí. Wáyà USB 2.0 tó pé ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin nínú: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé ìsọfúnni. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọn ò ní ju okùn iná méjì lọ. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Mo dábàá “wáyà iná lásán” fún èyí tó dín, àti “wáyà akófáìlì” fún èyí tó pé. Oníbàárà tó bá ti mọ orúkọ méjèèjì á lè bi ẹni tó ń tà á léèrè kó tó sanwó.

Ìgbà mìíràn, kọ̀ǹpútà á rí fóònù, á kọ orúkọ rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n téèyàn bá ṣí i, inú rẹ̀ á ṣófo. Níbí, fóònù ni kò gba kọ̀ǹpútà láyè. Láyé àtijọ́, fóònù Android a máa yọ̀ǹda mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ pátápátá fún kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní lè lò ó títí wọ́n á fi yọ wáyà. Láti 2011 ni Android ti ń lo ìlànà MTP, tó wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Pẹ̀lú èyí, fóònù ló ń ṣọ́ ẹrù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á béèrè, fóònù á fún un. Nígbà tó di 2015, Android 6.0 sọ ọ́ di àṣà pé iná nìkan ni fóònù yóò máa gbà tí wọ́n bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, àfi tí ẹni tó ni ín bá yàn pé kó kó fáìlì. Nítorí náà, “iná nìkan” àti “kó fáìlì” ló yẹ kó wà lójú fóònù. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe kúrú, tí wọn kò sì nílò àlàyé.

Ti iPhone tún lé díẹ̀. Láti iOS 7 ní 2013 ló ti ń béèrè bóyá a fọkàn tán kọ̀ǹpútà tí a so ó mọ́. Tí a bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ, oníbàárà á rò pé ìwà ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń bi òun, ojú á sì tì í láti sọ pé rárá. Ohun tí ẹ̀rọ ń béèrè gan-an ni: “Ṣé kí kọ̀ǹpútà yìí máa rí fọ́tò àti fáìlì yín?” Ìyẹn ni kí Yorùbá wí.

Ẹyọ-ẹyọ náà ló fẹ́ ṣì wá lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè fóònù, ìyẹn “driver”. Àwọn kan á fẹ́ pè é ní “awakọ̀”. Ní Ìlàjẹ, awakọ̀ ni ẹni tó di ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi mú. Kò sí ohun tó pa iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ètò yìí. “Ògbufọ̀” ló bá a mu: “Kọ̀ǹpútà yìí kò ní ògbufọ̀ fóònù yín, ẹ jẹ́ kí n fi í sí i.” Bákan náà, ẹ̀tàn wà nínú pípe ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ ní “èbúté”, pàápàá fún ará etí omi. Lóòótọ́, “port” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n orísun wọn yàtọ̀: ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ẹnu-ọ̀nà ni ti kọ̀ǹpútà ti wá, òmíràn ni ti ọkọ̀ ojú omi. “Ojú wáyà” tó wà lẹ́nu aráàlú ti tó.

Ó wá ku kíkó fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. A ń gbé fọ́tò kan, a ń kó fọ́tò púpọ̀. Ìyàtọ̀ tó léwu jù ni ti àdàkọ. Tí a bá ṣe àdàkọ fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, ojúlówó ṣì wà nínú fóònù. Tí a bá kó o kúrò, fóònù ti ṣófo, kọ̀ǹpútà onítọ̀hún nìkan ló sì kù sí. Ẹni tó gbé ẹ̀rí ilé rẹ̀ tí òkun wó wá gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń ṣe fún un. Kí “ṣe àdàkọ” àti “kó kúrò” má ṣe pààrọ̀ ara wọn láé.

Ẹ jẹ́ ká fi “fáìlì”, “wáyà”, “fóònù” àti “USB” sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n ti di ọmọ ilé. Wàhálà tí kò pọn dandan ni wíwá orúkọ mìíràn fún wọn. Èyí tí mo dábàá, ká kọ́kọ́ kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀:

Ẹ ṣí fóònù yín kúrò ní títì.
Ẹ yan “kó fáìlì”, ẹ má yan “iná nìkan”.
Tí kọ̀ǹpútà kò bá rí i, ẹ pààrọ̀ wáyà: ó lè jẹ́ wáyà iná lásán.
Ẹ sọ bóyá àdàkọ lẹ fẹ́, tàbí kí a kó o kúrò.

Lẹ́yìn náà, ká tẹ́tí. Tí apẹja kan bá wọlé tó ní, “Ó rí i, àmọ́ kò gbà á láyè,” tí ọmọ ìdí kọ̀ǹpútà sì na ọwọ́ sí fóònù dípò wáyà, ọ̀rọ̀ náà ti yege. Èyí tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dùn tó, ká jù ú nù.