Agbẹjọ́ Ẹnìkan Dá: Ìtàn Àwọn Tó Ń Ṣírò Òjò Dídì

 

Ní ilẹ̀ wa, ohun tí àgbẹ̀ máa ń béèrè ni pé: ìgbà wo ni òjò yóò rọ̀? Ní àwọn ìlú òtútù, wọ́n tún ní ìbéèrè mìíràn: ṣé omi ni yóò rọ̀, tàbí òjò dídì? Bí ó bá sì jẹ́ òjò dídì, báwo ni yóò ti ga tó lórí ilẹ̀? Lónìí a ó sọ ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti dáhùn ìbéèrè yìí, pàápàá jù lọ ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹ̀mí púpọ̀ ló bá ìtàn náà lọ. Nígbà tí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ó kan àwa náà.

Kí ni òjò dídì?

Ẹ má ṣe rò pé yìnyín tí ó máa ń bọ́ lu páànù ilé wa ni mo ń sọ. Yìnyín le bí òkúta. Òjò dídì fúyẹ́ bí òwú àràbà tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Ó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì pariwo. Ṣùgbọ́n kì í ṣàn lọ bí omi. Ńṣe ni ó ń gorí ara rẹ̀, títí yóò fi dí ọ̀nà, tí yóò sì bo ẹnu ilẹ̀kùn.

Omi tí ìbá ga ní sàǹtimẹ́tà 1 péré, bí ó bá di òjò dídì, yóò ga tó sàǹtimẹ́tà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ṣi ìwọ̀n omi rò díẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ nípa òjò dídì yóò pọ̀ gan-an.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Òkun ni ó wà ní ìlà oòrùn ìlú New York àti ìlú Boston, ilẹ̀ tútù sì wà lẹ́yìn wọn. Ìjì ńlá máa ń gòkè láti gúúsù, ó ń tẹ̀ lé etí òkun. Bí ó bá sún mọ́ ilẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ òkun tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ yóò wọ ìlú, omi lásán ni yóò sì rọ̀. Bí ó bá jìnnà sí etíkun jù, ìlú kò ní rí ju díẹ̀ lọ. Bí ó bá gba àárín, ìlú yóò rì sínú òjò dídì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè má ju ọ̀nà kìlómẹ́tà 100 lọ.

Ìjì tí ẹnikẹ́ni kò retí

Láti ọdún 1849 ni Joseph Henry, ọ̀gá ilé ìmọ̀ Smithsonian ní Washington, ti ń kó àwọn olùfẹ́ ojú ọjọ́ jọ. Àgbẹ̀ wà nínú wọn, olùkọ́ wà, oníṣègùn wà. Wọn kì í gba owó. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ìjọba gbé iṣẹ́ ojú ọjọ́ lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́, wọ́n sì ń lo wáyà tí ń gbé ọ̀rọ̀ kíákíá láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n wáyà kò dé ojú òkun.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1888, omi òjò ni ó ń rọ̀ ní New York. Òtútù ti fẹ́ parí, kò sì sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún ará ìlú pé ibi ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, omi ti di òjò dídì, ìjì sì ń jà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jáde síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá lọ síbi iṣẹ́ kò ní gba owó ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ojú irin há sójú ọ̀nà. Wáyà já lulẹ̀. Òjò dídì tí ó bọ́ ní New York ga ní sàǹtimẹ́tà 53, ó sì kọjá mítà kan ní àwọn ibòmíràn ní àríwá. Àwọn tí ó kú ju 400 lọ.

Lẹ́yìn ìjì náà ni wọ́n fi taratara ri wáyà mọ́ abẹ́ ilẹ̀ ní New York. Ní ọdún 1890, wọ́n ṣe òfin tí ó gba iṣẹ́ ojú ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun, tí ó sì gbé e lé ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Ọkùnrin tí ó fi ọwọ́ ṣírò afẹ́fẹ́

Nígbà náà, ẹni tí ó fẹ́ sọ bí ọ̀la yóò ṣe rí yóò wo òní, yóò sì rántí ọjọ́ mìíràn tí ó jọ ọ́. Ní ọdún 1904, Vilhelm Bjerknes, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, sọ pé a lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní afẹ́fẹ́ ní òfin tí ó ń tẹ̀ lé, nítorí náà a lè ṣírò rẹ̀.

Lewis Fry Richardson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dán an wò. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ tí ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni ó ń wà ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà ìsinmi ni ó ń ṣírò. Báwo ni ó ṣe ṣe é? Ẹ rántí ọpọ́n ayò. Ojú kọ̀ọ̀kan ní iye ọmọ ayò tí ó wà nínú rẹ̀, ohun tí ó bá sì kúrò nínú ojú kan yóò wọ inú òmíràn. Richardson pín ojú ọ̀run sí ojú púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, bí ó ṣe gbóná tó, àti ibi tí ó ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ṣírò ohun tí yóò kọjá láti ojú kan sí èkejì.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi ṣírò wákàtí mẹ́fà péré, ti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1910. Èsì rẹ̀ kò bá òtítọ́ mu rárá. Ìṣirò ní ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yóò gòkè ní mílíbáà 145, bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ náà gan-an kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Síbẹ̀ Richardson kò fi àṣìṣe náà pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní ọdún 1922 kí àwọn mìíràn lè rí i. Ó tún sọ pé yóò gba 64 000 ènìyàn tí wọ́n jókòó pọ̀ tí wọ́n ń ṣírò kí ìṣirò tó lè bá ojú ọjọ́ rìn.

Ní ọdún 1950, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà. Jule Charney àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní ENIAC ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣírò wákàtí 24, ó sì gbà wọ́n tó wákàtí 24. Ojú ọjọ́ àti ìṣirò ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nìyẹn. Láti ọdún 1955 ni Amẹ́ríkà ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ojú ọjọ́ lójoojúmọ́.

Ohun kékeré tí ó di ńlá

Ṣé kí a kàn wá ẹ̀rọ tí ó lágbára jù, kí ọ̀rọ̀ sì parí? Rárá o. Ní ọdún 1961, Edward Lorenz fẹ́ tún ìṣirò kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nọ́ńbà tí ó wà nínú ẹ̀rọ ni 0,506127. Èyí tí ó wà lórí bébà ni 0,506, òun ni Lorenz sì tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ó rò pé ìyókù kò já mọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ó padà dé, ìṣirò kejì ti yapa pátápátá sí ti àkọ́kọ́.

Kò sí ẹni tí ó lè wọn gbogbo afẹ́fẹ́ ayé láìsí àṣìṣe díẹ̀. Àṣìṣe díẹ̀ náà yóò sì máa dàgbà lójoojúmọ́. Nítorí náà, láti oṣù kejìlá ọdún 1992, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà àti ti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù kò gbára lé ìṣirò kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n ń ṣe ìṣirò kan náà ní ìgbà púpọ̀, wọ́n sì ń yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ti Yúróòpù wá di 51. Bí 45 nínú 51 bá sọ pé òjò dídì ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 20 ni ó sọ bẹ́ẹ̀, tí ìyókù sọ pé rárá, ẹ má ṣe tíì dájú.

Nígbà tí wọ́n gbọ́, àti nígbà tí wọn kò gbọ́

Ní oṣù kejì ọdún 1978, ìṣirò rí ìjì ńlá kan tí ń bọ̀ sí agbègbè Boston. Wọ́n kéde pé òjò dídì yóò bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ 6. Ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí nǹkan. Àwọn ènìyàn ní, "Wọ́n tún ti purọ́," wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó dé. Ọkọ̀ tí ó ju 3 000 lọ há sórí ọ̀nà kan ṣoṣo. Òjò dídì ga ní sàǹtimẹ́tà 69 ní Boston. Nǹkan bí 100 ènìyàn ni ó kú ní gbogbo agbègbè náà. Ìṣirò kò ṣìnà nípa ìjì. Wákàtí ni ó ṣì, èyí náà sì tó láti pa ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ní oṣù kẹta ọdún 1993, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìṣirò rí ìjì náà ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Àwọn gómìnà kan kéde ewu kí ẹ̀fúùfù tó fẹ́. Ènìyàn tí ó ju 200 lọ ṣì kú, ṣùgbọ́n ìjì náà ka ilẹ̀ tí ó pọ̀ gan-an, ì bá sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá sí ìkìlọ̀.

Àwọn olùfẹ́ ojú ọjọ́ ti òde òní

Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò ojú ọjọ́ tí ìjọba ń ṣe kì í ṣe ohun àṣírí. Ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà mẹ́rin ni ó ń jáde lóòjọ́. Nígbà òtútù, ẹ ó rí olùkọ́, awakọ̀ àti ọmọ ilé ìwé tí kò sùn lóru nítorí pé wọ́n ń dúró de èyí tí yóò jáde. Ọmọ àwọn tí Joseph Henry kó jọ ni a lè pè wọ́n.

Àwọn tí ó gbọ́n nínú wọn kì í fò mọ́ àwòrán àkọ́kọ́. Wọ́n á béèrè pé: ṣé ìṣirò àná sọ ohun kan náà? Ṣé ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan? Mélòó nínú 51 ni ó gbà? Ṣé òtútù yóò tó? Ṣùgbọ́n ìdẹkùn kan wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn òjò dídì yóò máa wá ìṣirò tí ó sọ èyí tí ó pọ̀ jù, yóò sì fi han ènìyàn bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà. Ohun tí ojú ń wá ni ojú ń rí.

Àwọn ọ̀gá pàápàá lè ṣubú sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ìṣirò Yúróòpù rí i ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé ìjì Sandy yóò yí padà wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìṣirò Amẹ́ríkà pẹ́ kí ó tó rí i. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fọkàn tán ti Yúróòpù jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ìjì òjò dídì kan ń bọ̀. Ti Yúróòpù ní New York yóò rì. Ti Amẹ́ríkà ní yóò dín sí i. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ kéde pé yóò tó sàǹtimẹ́tà 60. Ní alẹ́ ọjọ́ 26, wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ New York dúró nítorí òjò dídì, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sàǹtimẹ́tà 25 ni wọ́n wọ̀n ní àárín ìlú.

Ṣé irọ́ ni ìjì náà? Rárá. Ní Islip, tí kò jìnnà ju kìlómẹ́tà 100 lọ ní ìlà oòrùn, ó ga ní sàǹtimẹ́tà 63. Ní Worcester, ó tó 88. Ìjì náà kàn gba ọ̀nà òkun díẹ̀ sí i ni. Gary Szatkowski, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ kan ní New Jersey, tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọ̀gá àgbà wọn náà sì gbà pé ó yẹ kí àwọn ti jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe dájú tó.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?

Àwọn àgbà wa ní: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó gbọ́ ìṣirò kan, tí ó sì dá ẹjọ́, ohun tí ó ṣe náà nìyẹn.

Ìṣirò bí irú èyí ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òjò tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò. Láti ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé kí àkókò òjò tó dé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ACMAD tí ó wà ní Niamey. Wọn kì í sọ pé òjò yóò pọ̀ dandan. Wọ́n máa ń sọ ipá tí ó wà fún ọ̀nà mẹ́ta: kí ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, kí ó rí bákan náà, tàbí kí ó dín. Bí wọ́n bá ní òjò púpọ̀ ni ó ní ipá jù, tí òjò sì dín ní oko yín, ẹ má ṣe sọ bí ti àwọn ará Boston pé wọ́n ti purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbin gbogbo irúgbìn àgbàdo yín ní ọjọ́ kan. Ẹ gbọ́, ẹ béèrè bí ó ṣe dájú tó, kí ẹ sì fi díẹ̀ pamọ́ sínú àká.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín

1. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ọdún 1888? Kí ló dé tí wọ́n tún fi jáde ní ọdún 1978?
2. Kí ni Lorenz rí kọ́ láti ara nọ́ńbà tí ó gé kúrú?
3. Ní abúlé yín, àmì wo ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó gbìn? Ṣé ẹyọ kan ni, tàbí púpọ̀?