Oògùn Tó Kú, Oògùn Tó Kù

Ohùn nìkan ló ya *kú* àti *kù* sọ́tọ̀ nínú èdè wa. Ẹni tó bá ní oògùn kan ti kú, agbára rẹ̀ tó ti tán ló ń wí; ẹni tó bá ní oògùn kan ṣì kù, ìrètí ló ń sọ. Àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ìtàn thalidomide wà.

Ilé-iṣẹ́ Grünenthal ló gbé e sọ́jà ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì lọ́dún 1957 gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun tí kò léwu. Àwọn aboyún náà lò ó nítorí èébì. Kí ọdún 1961 tó parí, wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀: àwọn ọmọ tó ṣe lọ́ṣẹ́ láti inú oyún káàkiri ayé lé ní 10,000, apá tàbí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò sì pé. Ní Amẹ́ríkà, Frances Kelsey ti àjọ tó ń ṣàmójútó oògùn ti kọ̀ jálẹ̀ láti fọwọ́ sí i. Ó ní ẹ̀rí wọn kò tó.

Ní ọdún 1964 ní Jerúsálẹ́mù, Jacob Sheskin fún adẹ́tẹ̀ kan tí ìrora kò jẹ́ kó sùn ní oògùn yìí. Ọkùnrin náà sùn, egbò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiná. Oògùn oorun ni Sheskin ń wá. Ìwòsàn ló bá pàdé.

Ti jẹjẹrẹ ló yẹ kí a dúró lé lórí. Judah Folkman ní Boston ti ń wí láti ọdún 1971 pé kókó jẹjẹrẹ kò lè dàgbà láìsí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí yóò máa bọ́ ọ. Ní ọdún 1994, Robert D'Amato, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi ojú ehoro dán an wò, ó sì rí i pé thalidomide ń dènà irú iṣan bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan, tí jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun ń bá ọkọ rẹ̀ jà, tí ìtọ́jú gbogbo sì ti kùnà, wá Folkman kàn. Folkman dábàá thalidomide. Bart Barlogie ní Arkansas gbà láti lò ó. Kò gba ọkọ obìnrin náà là. Ó kú ní ọdún 1998.

Bó bá jẹ́ pé ara aláìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́ ni, wọn ì bá sin oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n dán an wò lára àwọn mìíràn, wọ́n sì kà wọ́n. Nínú àwọn 84 tí a gbé èsì wọn jáde ní ọdún 1999, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni àìsàn wọn fà sẹ́yìn. Lójú tèmi, kíkà yìí ló ya ohun tí wọ́n ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn ọlọ́jà, tí ẹnì kan tó yè lára rẹ̀ máa ń tó ẹ̀rí. Ìbéèrè obìnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. Òun nìkan kò sì lè mọ ohun tó wà nínú yàrá.

Àjọ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ yìí ní ọdún 2006, pẹ̀lú dexamethasone. Ewu rẹ̀ kò lọ: ó ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di aláìmọ̀lára, aboyún kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń lò ó fún ẹ̀tẹ̀, a tún bí àwọn ọmọ tó fara gbá a lẹ́yìn ọdún 2000.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Japan rí cereblon, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tí thalidomide ń so mọ́ kó tó ba ọmọ inú oyún jẹ́. Kò pẹ́ tí ìwádìí mìíràn fi hàn pé bí kò bá sí cereblon yìí kan náà, oògùn náà kò lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn.