Àtọ̀gbẹ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Páńkíríásì: Bí Ìtọ́jú Rẹ̀ Ṣe Dé Ibi Tó Dé

Ara ajá ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Lọ́dún 1889, nílùú Strasbourg tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, kúrò nínú ajá kan. Wọn ò wá àtọ̀gbẹ rárá. Àríyànjiyàn wọn dá lórí bóyá ọ̀rá inú oúnjẹ lè dà láìsí páńkíríásì. Àfi bí ajá náà ṣe ń tọ̀ ṣáá, tí ṣúgà sì kún inú ìtọ̀ rẹ̀.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún kí Banting, Best, Collip àti Macleod tó rí ínsúlìnì, ohun tí páńkíríásì ń ṣe láti fa ṣúgà wálẹ̀, fà yọ ní Toronto, ní Kánádà. Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1922. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún yíyọ gbogbo páńkíríásì èèyàn. Lọ́dún 1944, James Priestley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, ní Amẹ́ríkà, ròyìn aláìsàn kan tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn oṣù 16.

Ṣùgbọ́n ínsúlìnì nìkan ò tó. Ní Toronto kan náà, àwọn ajá tí wọ́n ti yọ páńkíríásì wọn ń gba ínsúlìnì, síbẹ̀ wọ́n ń rù, ọ̀rá sì ń kún ẹ̀dọ̀ wọn. Ìgbà tí wọ́n fún wọn ní páńkíríásì tútù, tí ohun tó ń mú oúnjẹ dà wà nínú rẹ̀, jẹ ni ara wọn tó mókun. Lójú tèmi, a kì í fún ẹ̀kọ́ yìí ní iyì tó tọ́ sí i. Òun ló jẹ́ ká mọ ìdí tí aláìsàn fi gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ń mú oúnjẹ dà ní gbogbo ìgbà tó bá ń jẹun. Bí kò bá lò ó, oúnjẹ á gba inú rẹ̀ kọjá láìwọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ínsúlìnì tó ti gún ò sì ní dúró dè é: ṣúgà ara rẹ̀ á já wálẹ̀.

Ewu tó pọ̀ jù sì nìyẹn. Páńkíríásì tún ń ṣe glúkágọ̀nù, tí Kimball àti Murlin sọ lórúkọ lọ́dún 1923. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù, glúkágọ̀nù ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú èyí tó kó pa mọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ gbogbo páńkíríásì rẹ̀ ti pàdánù ohun tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ àti èyí tó ń gbé e sókè. Ìwọ̀n ínsúlìnì kékeré lè mú kó dákú. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń rọra wọn ínsúlìnì fún un, tí wọ́n sì ń rọ̀ ọ́ pé kó máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò léraléra, pàápàá kó tó sùn, kí ohun dídùn má sì jìnnà sí i. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tó ń ka ṣúgà tọ̀sán-tòru, ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Àwọn tí wọ́n yọ apá kan páńkíríásì wọn nìkan, bí irú iṣẹ́ abẹ tí Allen Whipple gbé jáde lọ́dún 1935, lè má ní àtọ̀gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó lè dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Àtọ̀gbẹ irú 3c ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì sábà máa ń ṣì í kà sí irú kejì.

Lọ́dún 1977, ní Yunifásítì Minnesota, wọ́n yọ páńkíríásì tó ti wú tó sì ń ro aláìsàn, wọ́n ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlìnì nínú rẹ̀, wọ́n sì dà wọ́n sínú ẹ̀dọ̀ onítọ̀hún. Àwọn kan tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún kì í gún ínsúlìnì mọ́. Ìwọ̀n díẹ̀ ló tó àwọn mìíràn. Oògùn tó ń mú oúnjẹ dà, gbogbo wọn ló ṣì ń lò ó.